Dókítà kọ « RPE65 ? » sórí ìwé ojú ọmọ mi, kí ló túmọ̀ sí?

Ìyá Ológì (Kétu)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti máa ń tẹjú mọ́ iná. Tí mo bá pọ̀n ọ́n, ibi tí gílóòbù bá wà ni yóò kọjú sí títí yóò fi sùn. Lọ́sàn-án, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù níta, ó sì ń ka ìwé, àfi pé ó máa ń sún ìwé mọ́ ojú. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ó ti di ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri. Ó ń fẹsẹ̀ kọ àga, ó ń tẹ abọ́ oúnjẹ mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àwọn ará àdúgbò ní inárun ni.

A gbé e lọ bá dókítà ojú ní Kútọnu. Ó kán nǹkan sí i lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, ó wá kọ ìwé ní Faransé: « suspicion d'amaurose de Leber, RPE65 ? ». Ó ní ká wá owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, kò ráyè là á yé wa. Ṣé oògùn ni RPE65 yìí ni àbí orúkọ àrùn? Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ kó là mí lóye.

Bàbá Ìlárá
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Inárun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn abúlé kan wà lẹ́bàá odò tó jẹ́ pé ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fa àwọn àgbà kiri. Mectizan tí wọ́n ń pín kiri yẹn ló kó wa yọ. Ṣé ọmọ yín ń lò ó?

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ nípa odò. Kí ọmọ náà máa lo Mectizan pẹ̀lú àwọn yòókù nígbà tí wọ́n bá ń pín in, ọmọ ọdún méje ti kúrò lára àwọn tí wọn kì í fún. Ṣùgbọ́n inárun kì í bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó máa ń pẹ́ lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kan ojú. Ara á máa yún, kókó á sọ lábẹ́ awọ, awọ ojúgun á máa ṣí. Ọmọ tó ti ń tẹjú mọ́ iná kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá Ológì, ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé ojú rẹ̀ máa ń gbẹ, àbí ẹ ti rí nǹkan bí ìfófó funfun lórí ẹyinjú rẹ̀ rí? Ṣé ẹyinjú rẹ̀ máa ń jó, kí ó máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀? Ṣé ó ti ní ìgbóná èéyi tó le rí? Ọmọ mélòó lẹ ní, báwo sì ni ojú àwọn yòókù?

Ìyá Ológì (Kétu)
Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ kì í gbẹ, mi ò rí ìfófó. Ó máa ń jó díẹ̀, ó tiẹ̀ pọ̀ jù báyìí lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Kò ní ìgbóná èéyi rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ríran dáadáa, kódà òun ló máa ń fà á lọ́wọ́ lálẹ́. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni.

Alhaja Aláṣọ
Ẹ̀yin ìyá, fítámínì A ló ń wá! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan rí bẹ́ẹ̀, kò ríran lálẹ́. Wọ́n fún un ní fítámínì A ní ilé ìwòsàn, kò pẹ́ ló ń sá kiri àgbàlá lóru. Ẹ lọ rà á ní fàmásì, ẹ máa fún un láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ fi kárọ́ọ̀tì àti epo pupa kún un.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Alhaja, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lè jẹ́ òótọ́ gan-an. Bí ara bá ṣe aláìní fítámínì A, àìríran lálẹ́ ni àmì àkọ́kọ́, tí wọ́n bá sì fún ọmọ náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìríran alẹ́ yóò padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kán an sí àwọn ọmọ lẹ́nu nígbà ìpolongo: ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá ń gba 100 000 yúníìtì, ọmọ ọdún kan sí márùn-ún ń gba 200 000, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo wí o, kì í ṣe àárọ̀ àti alẹ́. Fítámínì yìí kì í bá ìtọ̀ jáde bí ti inú ọsàn, ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pamọ́ sí, tó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ náà ló máa ń bàjẹ́. Aboyún tó bá ń lo èyí tó pọ̀ jù lè bí ọmọ tó ní àbùkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nǹkan kan ní fàmásì lórí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Ìyá Ológì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ògì, èyí á tètè yé yín. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá bàjẹ́, ẹ lè kó àgbàdo wá títí yóò fi kún ilé, ògì ò ní jáde. Fítámínì A ni àgbàdo. Ohun tí dókítà yín ń fura sí ni pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kó máa bá wa lọ, èmi ò gbà á débẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ epo pupa, ẹ máa fún un, ó dára fún gbogbo ọmọ. Kí ẹ má kàn yọ ọ́ títí yóò fi funfun, nítorí ohun tó ń mú un pọ́n yẹn gan-an ni ara ń sọ di fítámínì A.

Olùkọ́ SVT (Àjàṣẹ́)
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan béèrè. RPE65 kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe àrùn. Jíìnì ni, gbogbo wa la ní in, ẹ̀dà méjì méjì: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Orí kúrómósómù kìíní ló wà (kúrómósómù ni okùn tí àwọn jíìnì tò sí). Àkọsílẹ̀ tí ara ń tẹ̀lé láti ṣe ẹ́ńsáìmù kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń sọ nǹkan kan di nǹkan mìíràn nínú ara, bí èyí tó wà nínú itọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀kọ kí ẹ tó gbé e mì. RPE ni ìpele sẹ́ẹ̀lì dúdú tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ẹyinjú, tó tẹ́ sábẹ́ rẹ́tínà. 65 ni ìwọ̀n purotéènì náà lójú àwọn onímọ̀, kilodalton 65. Amino acid 533, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi ń ṣe purotéènì, ló so kọ́ra.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Inú rẹ́tínà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà, oríṣi méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní cone ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló ń jẹ́ ká mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Rod ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, òun la fi ń rìn lábẹ́ òṣùpá. Nínú rod, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ rhodopsin. Ó di ẹyọ nǹkan kékeré kan mú, 11-cis-retinal, tí a ṣe láti ara fítámínì A, tí ìrísí rẹ̀ sì tẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, yóò na gbọọrọ, yóò di all-trans-retinal. Nínà tó nà yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń parí sí ọpọlọ, tí a ó fi sọ pé a rí nǹkan.

Ṣùgbọ́n èyí tó ti nà ò wúlò mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀, inú rod kọ́ ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Yóò di retinol, yóò jáde lọ sínú RPE. Níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ LRAT á so ọ̀rá mọ́ ọn. Èyí tó lọ́ràá yìí ni RPE65 ń gbà: á já ọ̀rá náà kúrò, á sì tẹ nǹkan náà padà lẹ́ẹ̀kan náà, á di 11-cis-retinol. RDH5 ló máa fi ọwọ́ ìkẹyìn kàn án, á di 11-cis-retinal, á padà sínú rod. Bó ṣe ń yí po nìyẹn tọ̀sán tòru.

Bí RPE65 ò bá ṣiṣẹ́, èyí tó lọ́ràá á kàn máa wọ́ jọ sínú RPE. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ nínú eku tí àwọn onímọ̀ yọ jíìnì náà kúrò lára wọn. Àgbàdo tí nọ́ọ̀sì wí gan-an nìyẹn. Rod á wà láìsí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́, ó kọ́kọ́ hàn lálẹ́, tó bá sì pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó mú kí ọjọ́ orí ọmọ yìí ṣe pàtàkì nìyẹn.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń yọ́ kà á: George Wald ló rí fítámínì A nínú rẹ́tínà ní 1933, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1967. Ó lè jáde nínú ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n Zẹ́mì
Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ìyá àti bàbá ríran, tí ẹ̀gbọ́n ríran, tí ọmọ ò wá ríran lálẹ́? Ìran ta ló ti wá?

Ìyá Ológì (Kétu)
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nílé lẹ bi yìí. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní kò sí afọ́jú nílé àwọn.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀sùn yìí lé yín lórí. Gbogbo wa níbí la mọ AS àti SS. Ẹni AS ń jẹ, ó ń mu, kò ṣàìsàn. AS méjì fẹ́ra, wọ́n lè bí SS. Bí ti ojú yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bàbá ní ẹ̀dà RPE65 kan tó dára àti ọ̀kan tó bàjẹ́, ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kan tó dára tó ojú láti fi ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń ríran kedere. Ọmọ tó bá gba èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìyá, òun ló máa hàn lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ RPE65 lóòótọ́, ìdílé méjèèjì ló ti wá. Kò sí bí ìdílé kan ṣe lè dá a mú wá. Ẹ ka ibí yìí sí ìyá ọkọ yín létí.

Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á ní in. Pé ẹ ti bí ọ̀kan tó ní in kò túmọ̀ sí pé mẹ́ta tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìṣirò tirẹ̀ ṣe.

Alhaja Aláṣọ
Ṣé nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń sọ pé ká má fẹ́ ìbátan?

Olùkọ́ SVT (Àjàṣẹ́)
Alhaja, ó wà lára rẹ̀, ẹ̀yin àgbà mọ nǹkan. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ ọmọ bàbá ńlá kan náà, ó rọrùn kí àwọn méjèèjì ti jogún ẹ̀dà kan náà tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọra rí náà lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ẹ má wá fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìyá yìí lẹ́bi o.

Ewé-Àti-Egbò
[Alága ìkànnì ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò.]

Alága Ìkànnì
A ò polówó oògùn ojú níbí. Ẹni tó bá tún fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ pé òun ní ohun tí wọ́n ń kán sójú, a ó yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Ẹ ṣeun, Alága. Oje ewé, ìtọ̀, oyin, ọṣẹ dúdú, mo ti rí ojú tí gbogbo wọn bà jẹ́. Ẹ̀yìn ẹyinjú ni ìṣòro ọmọ yìí wà, ohun tí wọ́n bá kán síwájú ò débẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ba iwájú tó dára jẹ́. Nígbà yẹn, ìṣòro á di méjì.

Ọmọ Sábẹ̀ ní Paris
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àìsàn ojú tó jọ èyí wà ní ilé àwọn àna mi, ó jẹ́ kí n mọ ọ̀nà yìí díẹ̀. Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ wo àmì ìbéèrè tó wà lẹ́yìn RPE65 lórí ìwé yín. Dókítà yín ò tíì sọ pé òun ni. Ó ń fura ni. Àìsàn rẹ́tínà àbímọ́ tí Theodor Leber, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe ní 1869 ni wọ́n ń pè ní amaurose de Leber, jíìnì tó lè fà á sì lé ní 20. RPE65 jẹ́ ọ̀kan. RDH12 tún jẹ́ ọ̀kan, ẹ́ńsáìmù inú rẹ́tínà lòun náà, orí kúrómósómù 14 ló wà. Tí ẹ bá wo ọmọ méjèèjì, wọ́n lè jọra. Àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí: RPE65 ní ìtọ́jú. RDH12 kò tíì ní irú rẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ìtọ́jú jọ kí èsì tó dé, ẹ má dá a lóhùn. Owó àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Orúkọ ìtọ́jú náà ni Luxturna. Àwọn tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Jean Bennett àti Albert Maguire, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ajá Faransé kan wà tí wọ́n ń pè ní Briard, àwọn kan nínú wọn ń jogún RPE65 tó bàjẹ́, wọn kì í sì í ríran. Ní 2001, ìròyìn jáde pé àwọn ajá tí wọ́n fi jíìnì tó dára sí lójú ti ń ríran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2017, Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2018.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á mú kòkòrò àìfojúrí kan tí kì í fa àìsàn, wọ́n á fi ẹ̀dà RPE65 tó dára sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa á sábẹ́ rẹ́tínà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílílítà péré ni fún ojú kan. Ẹ̀ẹ̀kan lójú kan, ojú kejì á tẹ̀ lé e ní ọjọ́ mìíràn, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́fà sí i. Iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́ apá.

Ó ní ohun méjì tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó gbà: kí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀dà méjèèjì ló bàjẹ́, àti kí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ṣì pọ̀ tó nínú rẹ́tínà. Ibi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ nípa ọjọ́ orí ti wọlé nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ṣì ní àǹfààní tí ẹni ogójì ọdún lè ti pàdánù.

Ẹ̀gbọ́n Zẹ́mì
Èló ni?

Ọmọ Sábẹ̀ ní Paris
Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, dọ́là 425 000 fún ojú kan. Ojú méjì, 850 000.

Ẹ̀gbọ́n Zẹ́mì
Ẹ jẹ́ n ṣírò rẹ̀ sí CFA. Ó ń lọ sí mílíọ̀nù 500. Yéè! Tí mo bá ta zẹ́mì mi, ọ̀kadà tí mo fi ń gbé èrò, tí mo ta gbogbo zẹ́mì tó wà ní Kétu kún un, bóyá la ó fi wo ojú kan.

Bàbá Ìlárá
Kí ló wá dé tí ẹ ń sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́mọ? Ẹ̀rù lẹ fẹ́ fi bà á ni?

Ọmọ Sábẹ̀ ní Paris
Bàbá, ẹ má bínú. Mo sọ ọ́ nítorí pé yóò gbọ́ ọ, ó dára kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lówó. Àwọn kan wà lórí WhatsApp tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè fi Luxturna ránṣẹ́ sí ilé. Irọ́ ni. Oògùn tó ń gbé inú òtútù líle ni, ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè lò ó. Kò sí ẹni tó lè gbé e sínú àpò wá sí Kétu.

Kí n sì sọ ibi tó mọ. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017, ènìyàn 31 ló kópa, láti ọmọ ọdún mẹ́rin dé ẹni 44. Wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n kó nǹkan dí i, wọ́n ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kí kálukú rìn ín. Lẹ́yìn ọdún kan, 13 nínú 20 tó gba ìtọ́jú rin ọ̀nà náà nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ. Nínú àwọn tí kò tíì gbà á, kò sí ẹnì kankan tó lè rìn ín. Rírìn lálẹ́ ló ń fún wọn. Kò sọ ojú di tuntun, kì í sì í mú ìwé kíkà sunwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Ó tún lè mú ewu wá, rẹ́tínà lè ya, ẹyinjú lè funfun. Ohun kan tí àwọn tó ń bọ̀ láti ilé kì í mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń kù sínú ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí yóò fi tán. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní láti ní ibi tí yóò dé sí.

Ìyá Ológì (Kétu)
Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo tún ka á. Ó sàn kí n mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ dókítà nígbà tí a bá padà lọ?

Ọmọ Sábẹ̀ ní Paris
Ẹ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ nìkan ni wọ́n máa gbà. Ẹ ní kí wọ́n gba tiyín àti ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn tó bá ṣeé ṣe. Tí wọ́n bá rí ìyípadà méjì nínú RPE65 ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ yín ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, tàbí méjèèjì wà lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo, èyí tí kò jẹ́ nǹkan kan náà rárá. Ó tún ṣe pàtàkì fún àwa ènìyàn dúdú, torí ọ̀pọ̀ jíìnì tí wọ́n ti tò sínú ìwé wọn jẹ́ ti àwọn òyìnbó. Èsì lè padà wá pé wọ́n rí ìyípadà kan ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ bóyá ó léwu. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ìwé náà nù. Ohun tí wọn ò mọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ gbogbo jíìnì amaurose wò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má yẹ RPE65 nìkan wò. Bí ẹ bá sanwó ọ̀kan tí kò sì jẹ́ òun, ẹ tún máa san òmíràn. Ẹ tún béèrè bóyá ilé ìwòsàn ńlá kan ń ṣe ìwádìí tó lè gba ẹ̀jẹ̀ náà láìgba owó. Dókítà ojú máa ń mọ irú rẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wọn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Ẹ fi èyí kún un: ẹ bèèrè àyẹ̀wò tó ń wọn bí rẹ́tínà ṣe ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀, ERG ni wọ́n ń kọ, àti àwòrán ìpele rẹ́tínà, OCT. Bí wọn ò bá ní in níbi tí ẹ lọ, kí wọ́n sọ ibi tó wà fún yín. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wọn, kí òjò má fi ìwé ṣeré.

Ọ̀rọ̀ fítámínì A tún kù díẹ̀. Jíìnì kan wà, ABCA4, tó máa ń ba ojú ọmọdé jẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Àfikún fítámínì A lè ṣèpalára fún ẹni tó ní in. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fún ọmọ yìí ní kóró kankan títí a ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Alhaja Aláṣọ
Ó ti yé mi. Mo gba ọ̀rọ̀ fàmásì mi padà.

Fóònù-Ń-Sọ̀rọ̀ (Kútọnu)
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi fúnra mi kò ríran lálẹ́ láti kékeré, nígbà tí mo fi pé ogún ọdún, ọ̀sán náà ti ń lọ. Ẹ ti sọ̀rọ̀ jíìnì àti dọ́là dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ náà máa jí lọ́la, á sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ti ibẹ̀.

Ìyá, ibi kan ni kí gbogbo nǹkan máa wà nínú ilé. Àga tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìkòkò gbígbóná àti àdògán, kí wọ́n má wà lójú ọ̀nà tó máa ń gbà. Ẹ kun etí àtẹ̀gùn ní ọ̀dà funfun. Ẹ fún un ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tó tàn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má yá a. Ẹ má ṣe kígbe "wo iwájú ẹ!" mọ́ ọn, ó ń wò ó, kò rí i ni. Wọ́n kígbe yẹn mọ́ èmi títí mo fi dẹ́kun jíjáde lálẹ́, ohun tó sì dùn mí jù ni pé mi ò mọ eré òṣùpá kankan. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má fà á, kí ó jẹ́ kí ọmọ náà di ìgbọ̀nwọ́ òun mú, kí òun rìn síwájú díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fà máa ń bẹ̀rù, èyí tó di ènìyàn mú ló ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ gòkè àti ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀.

Bó bá dàgbà, kí ó kọ́ kọ̀ǹpútà àti fóònù tó ń kàwé jáde. TalkBack ni mo fi ń kọ èyí. Bí ojú bá wá le sí i lọ́jọ́ iwájú, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran wà ní Sègbéyà níbí ní Kútọnu. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ gbé e lọ nísinsìnyí, ó ń ka ìwé lójú ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kà á.

Olùkọ́ CE1
Mo fẹ́ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Fóònù-Ń-Sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní kedere, ẹ má dúró kó fòye mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí òjò bá ṣú tí iná ò sì sí, kíláàsì wa máa ń ṣókùnkùn. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń ṣàfojúdi. Kí wọ́n jẹ́ kó tètè kúrò nírọ̀lẹ́ nígbà ọyẹ́, nítorí ilẹ̀ máa ń tètè ṣú. Kí wọ́n fi kálámù dúdú kọ̀wé fún un, lẹ́tà ńlá, kó má máa wo èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ.

Ẹ̀gbọ́n Zẹ́mì
Ìyá Ológì, ọjọ́ wo lẹ ń lọ? Tó bá di ìdájí tí ẹ fẹ́ wọ tákísì, mo lè gbé ẹ̀yin àti ọmọ dé gáréèjì. Mi ò gba owó.

Ìyá Ológì (Kétu)
Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ti gbà láti bá wa lọ, a ó gba ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n bá gbà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n gbé àbúrò rẹ̀ náà lọ? Kì í tẹjú mọ́ iná bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀
Ẹ gbé e lọ. Kí dókítà fi iná wo ojú rẹ̀, ìyẹn ò ní kí ẹ san owó àyẹ̀wò jíìnì. Tí ojú rẹ̀ kì í bá jó, tó sì ń rí nǹkan nínú yàrá tí iná rẹ̀ kéré, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè dúró títí èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi dé. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ méjèèjì dání, àti ìwé ìbí. Oògùn tí wọ́n máa kán sí wọn lójú á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa gún wọn lójú fún wákàtí díẹ̀, ẹ mú fìlà.

Ọmọ Sábẹ̀ ní Paris
Èsì á wá ní Faransé tó le. Tó bá dé, ẹ bo orúkọ ọmọ náà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, n ó kà á fún yín ní èdè wa lórí fóònù. Ó máa ń gba oṣù díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín tí kò bá tètè dé.